Òrùlé Ló Ń Rìn, Ògiri Kì í Rìn

 

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ilé. Kì í ṣe ilé kíkọ́. Ilé kíkó ni. Kí ènìyàn ní ilé kan láàárín ìlú, kí ó tú u, kí ó sì kó o lọ gbé dúró lórí ilẹ̀ oko.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ní Ṣábẹ? Ó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ wo baálé kan tí oko kajú rẹ̀ wà lọ́nà Òkpárá, tí ilé bàbá rẹ̀ sì wà nínú ìlú. Àwọn àbúrò ti lọ sí Kútọnu, àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́ gíga, yàrá márùn-ún ṣófo, páànù sì wà lórí gbogbo wọn. Lóko, abẹ́ koríko ni ó ń sùn láti ìgbà ebè kíkọ títí di ìgbà tí wọ́n ń ṣa kajú. Bí òjò bá rọ̀ lóru, òun àti ìyàwó rẹ̀ á máa gbé ẹní kiri inú ahéré. Ó wo owó páànù tuntun, ó wo owó igi, ó wo èyí tó jókòó lásán ní ìlú, ó ní òun yóò lọ tú u. Kò sí ẹni tó lè sọ pé èrò aṣiwèrè ni. Kómúùnù Ṣábẹ fẹ̀: ó tó kìlómítà 2,228 níbùú lóròó, ènìyàn 87,177 péré ni wọ́n sì kà níbẹ̀ nígbà ìkànìyàn ọdún 2013. Oko jìnnà sílé, ẹni tó bá sì ń rìn lójoojúmọ́ láàárín méjèèjì á rẹ̀ kí ó tó gbé ọkọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ẹni náà rò pé ilé ni òun ń kó. Òrùlé ni ó ń kó.

Àwọn ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń kó ilé ní tòótọ́. Ní Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti New Zealand, iṣẹ́ òòjọ́ ni fún àwọn kan. Pákó ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, orí òpó kúkúrú ni irú ilé bẹ́ẹ̀ sì máa ń jókòó lé. Wọ́n á ti irin gígùn bọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wá fa ọkọ̀ tírélà wọ abẹ́ rẹ̀. Ní Queensland ní Ọsirélíà, bí ilé bá tóbi jù fún títì, wọ́n á fi ayùn là á sí méjì, wọ́n á sì so ó pọ̀ padà níbi tó ń lọ. Ẹni tó ra ilẹ̀ oko lè ra ilé àtijọ́ láti ìlú, kí ó sì rí i kí ó wọlé dé lórí táyà.

Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu jù. Àwọn Fúlàní Wodaabe ní orílẹ̀-èdè Niger ti ń kó ilé kí ẹnikẹ́ni tó mọ jáàkì. Ibùsùn onígi àti ẹní ni ilé wọn, ẹran ọ̀sìn ló ń rù ú. Obìnrin ló ni ín. Òun ló ń tò ó, òun ló ń tú u. Àwọn amúnisìn náà kó ilé wá bá wa. Ní Calabar, ilé ńlá onípákó tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbé, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti gé igi rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá, wọ́n sì tò ó pọ̀ sórí òkè ní 1884. Ó ṣì dúró di òní, músíọ́mù ló wà nínú rẹ̀.

Ti Faransé ló yẹ kí ọmọ Ṣábẹ fara balẹ̀ gbọ́. Jean Prouvé, ọ̀gá nínú iṣẹ́ irin, ṣe ilé kan fún ilẹ̀ olóoru, irin àti alumíníọ́mù ni, gbogbo rẹ̀ sì ṣeé tú wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi kó àkọ́kọ́ lọ sí Niamey ní 1949. Méjì mìíràn dé Brazzaville ní 1951. Wọ́n retí pé ọ̀pọ̀ yóò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju ti ilé tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ lọ, mẹ́ta náà ló sì mọ. Nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ wá sí ìlú méjèèjì, wọ́n ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n tú wọn, wọ́n sì kó wọn padà sí Faransé. Ní oṣù kẹfà 2007, wọ́n lu ọ̀kan nínú wọn ní gbàǹjo ní New York, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ní Niamey, pèpéle tí ilé náà jókòó lé ló kù. Ilé tó rọrùn láti tú rọrùn láti pàdánù, ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀ kọ́ ló sì jẹ èrè tó gbẹ̀yìn.

Ilé ti Ṣábẹ yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Inú ilẹ̀ tí ó dúró lé ni ó ti jáde. Wọ́n gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ nítòsí, wọ́n bu omi sí i, wọ́n fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n sì tò ó ní ìpele ìpele, wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó gùn ún. Kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ agboolé títí di òní. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé sórí ọkọ̀. Ohun tó ṣeé gbé kò ju páànù, igi òrùlé, igi àjà, ìlẹ̀kùn àti fèrèsé lọ. Ilé oníbíríkì pàápàá kò sàn jù bẹ́ẹ̀: tí wọ́n bá fi òòlù lu bíríkì tí sìmẹ́ńtì ti dì pọ̀, èyí tó fọ́ á pọ̀ ju èyí tó kù lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, ògiri amọ̀ tó ní òrùlé lórí a máa gbé ìran mẹ́ta. Bí wọ́n bá ṣí i lórí, òjò ọdún kan tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Orí ni omi ti máa ń wọ irú ògiri bẹ́ẹ̀ jù. Ẹni tó ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ara ògiri rò pé òun ti dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n omi tó ti orí wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde lára sìmẹ́ńtì náà, amọ̀ inú á rọ̀, sìmẹ́ńtì á sì ṣí kúrò bí èèpo. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì tàbí mẹ́ta, yàrá ti di òkìtì. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹnì kan á gbin àgbàdo sórí rẹ̀, àgbàdo náà á sì yọ dáadáa, nítorí ilẹ̀ ahoro lọ́ràá. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọdé àdúgbò kò ní pè é ní ilé lágbájá mọ́. Oko lágbájá ni wọ́n á máa pè é.

Bàbá ńlá Ṣábẹ mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí ogun Dàhòmì ń dà ilẹ̀ yìí láàmú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí òkè àti àárín àpáta tí gbogbo ènìyàn ń wò láti títì yìí ni wọ́n sá sí. Nígbà tí ó rọlẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kétu náà ńkọ́? Ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ ọ ní 1886, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, àwọn tó kù padà wá tún ìlú náà tẹ̀ síbi kan náà, lẹ́yìn yàrà àti ẹnubodè Akaba Idena. Wọn kò padà wá nítorí òrùlé, iná ti jó o. Ojú oórì, ojúbọ àti ìtẹ́ ọba ni wọ́n padà sí.

Ọ̀rọ̀ ojú oórì yìí ni àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń fò. Nínú agboolé àtijọ́, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí, nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ sóko gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: ta ni ó máa wà lókè orí Bàbá nígbà òjò? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ nìkan. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì tí bàbá ńlá wọn sùn sábẹ́ yàrá ń gbé ìbéèrè náà kiri bákan náà. Kìkì pé wọn kì í sọ ọ́ síta.

Ìjọba pàápàá ti rí i pé kíkó ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri. Nígbà tí wọ́n dí odò Volta ní Akosombo ní Gáná, tí adágún bẹ̀rẹ̀ sí í kún ní 1964, ènìyàn bí 80,000 ló kúrò ní ilé wọn, wọ́n sì kọ́ ìletò tuntun 52 fún wọn. Ilé tí wọ́n fún ìdílé kọ̀ọ̀kan jẹ́ yàrá kan tó parí, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ àwọn yàrá tó kù kí onílé fúnra rẹ̀ parí rẹ̀. Ní orí ìwé, ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n níbo ni ọkùnrin tó ní ìyàwó méjì, ìyá arúgbó àti ọmọ méje yóò gbà wọ inú yàrá kan? Àìmọye ènìyàn fi ilé náà sílẹ̀, wọ́n sì lọ wá ibi tí wọ́n ti lè dáko. Nígbà tí ó kan Nàìjíríà ní Kainji ní 1968, tí Bussa àtijọ́ wọ abẹ́ omi, tí ó lé ní 40,000 ènìyàn gbọ́dọ̀ ṣí kúrò, àwọn tó ṣètò ibẹ̀ gbìyànjú láti fi ìrísí agboolé ṣe àwòkọ́ fún ilé tuntun. Nítòsí wa níhìn-ín, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò jọ dí odò Mónò ní Nangbéto, tí iṣẹ́ náà parí ní 1987, bí ènìyàn 10,000 ló ṣí nípò lápá Tógò.

Ó dára. Ẹni tó ti ronú gbogbo èyí, tí ó sì ṣì fẹ́ kó òrùlé lọ sóko, báwo ni kí ó ṣe é?

Kí ó kọ́kọ́ mọ ògiri oko kí ó tó fọwọ́ kan òrùlé ìlú. Ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ náà, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti wọlé, kí amọ̀ lè gbẹ dáadáa kí òjò àkọ́kọ́ tó dé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú òrùlé ti so ara rẹ̀ mọ́ ìkánjú, ògiri tútù sì ni yóò fi òrùlé lé. Kí ó fi ẹfun tàbí ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára páànù kọ̀ọ̀kan àti igi kọ̀ọ̀kan kí ó tó tú wọn. Ó dàbí iṣẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni àṣírí wà: bí igi bá padà sí àlàfo kan náà, tí páànù sì padà sórí igi tirẹ̀, ihò ìṣó àtijọ́ ni ìṣó tuntun yóò gbà wọlé. Ẹni tí kò kọ nọ́ńbà yóò lu ihò tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, abẹ́ asẹ́ ni yóò sì máa sùn. Ìṣó ni kí wọ́n fà, kí wọ́n má fi ọ̀pá irin já páànù gbà. Ihò tó bá ṣẹ́ kù, ọ̀dà àti ègé rọ́bà táyà ń dí i.

Kí ó fi òòlù kan igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá àti ìrókò a máa dún gan-an, ikán kì í fẹ́ràn wọn. Igi tó bá dún bí igbá òfìfo, kí ó fi í dáná. Òróró ẹ́ńjìnì tó ti dúdú, tí àwọn mẹkáníìkì ń dà nù, dára láti fi pa orí igi tí yóò wọ inú ògiri. Lóko, kí ó má kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà tí màlúù ń gbà lọ sódò. Ìjà tó ti ibẹ̀ wá ní Ṣábẹ ti pọ̀ tó. Kí ó ro ilẹ̀ yí ilé ká kí iná igbó tó dé. Kí ó sì béèrè omi kí ó tó béèrè afẹ́fẹ́ tútù: ọ̀pọ̀ ilé oko tó rẹwà ló wà níbi tí obìnrin ti ń rin wákàtí kan lọ pọn omi.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni èyí tó yẹ kí àwọn aṣojú mẹ́rì gbọ́ dáadáa. Ilẹ̀ ta ni ilé náà ń lọ sórí rẹ̀?

Àṣà ilẹ̀ yìí kò fi bò. Ẹni tí wọ́n yá ilẹ̀ fún lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀pà. Kò lè gbin igi láìgba àṣẹ, nítorí ẹni tó gbin kajú ń sọ pé òun yóò wà níbẹ̀ ní 30 ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni páànù. Ahéré oníkoríko kì í bí onílẹ̀ nínú. Ní ọjọ́ tí páànù bá tàn lójú oòrùn láàárín oko, onílẹ̀ á sùn, kò ní lè sùn. Àwọn àgbẹ̀ tó wá láti Àtàkórà, tí wọ́n ti ń dáko ní ilẹ̀ Ṣábẹ láti ìgbà bàbá wọn, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn ọmọ Ṣábẹ tó ń dáko lórí ilẹ̀ ìdílé ìyá wọn mọ̀ ọ́n bákan náà. Òrùlé tí wọ́n kó wá pẹ̀lú ayọ̀ lè di ẹjọ́ kí òjò kejì tó rọ̀.

Òfin tí Bẹ̀nẹ̀ ń lò lórí ilẹ̀ ni òfin 2013-01 ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2013, tí wọ́n tún ṣe nínú òfin 2017-15 ti ọdún 2017. Ìwé tó fi ìní múlẹ̀ pátápátá ni titre foncier, ọ̀dọ̀ ANDF ni ó ti ń jáde. Fún ilẹ̀ àjogúnbá tí kò tíì dé ibẹ̀, attestation de détention coutumière wà, ìyẹn ìwé tó jẹ́rìí pé lágbájá ló ní ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Abúlé ní section villageoise de gestion foncière, mẹ́rì sì ní commission de gestion foncière. Iṣẹ́ wọn ni kí àwọn aládùúgbò jọ rìn yí ilẹ̀ ká, kí wọ́n sì fẹnu kò sórí ààlà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ oko tó ju hẹ́kítà 2 lọ, òfin ní kí ó fi ohun tí ó fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe hàn kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ináwó wà níbẹ̀, ìrìnkèrindò sì wà níbẹ̀, kò sí ìdí láti pa irọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ná owó tó ju ìyẹn lọ lórí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó páànù, tí wọn kò sì ní bébà kan lọ́wọ́ lórí ilẹ̀ tí wọ́n kó o lọ.

Ti ìlú tún ńkọ́? Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ bá dé fún lotissement, wọn a máa kọ ohun tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ilé wà, kò sí ilé, ta ló ń gbé ibẹ̀. Ilé tó dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ yàrá kan, ẹlẹ́rìí ni. Ahoro tí àgbàdo wà lórí rẹ̀ kò lẹ́nu. Ìdí nìyí tí baálé tó tú gbogbo òrùlé fi lè pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: ní oko, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ní ìlú, wọ́n ti kọ orúkọ ẹlòmíràn sí ojú ilé bàbá rẹ̀.

Síwájú sí i, òrùlé agboolé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó wà nílé kò ní í ju ẹni tó wà ní Kútọnu lọ. Òfin 2002-07 ti ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 2004, tó dá lórí ìdílé, fún ọmọbìnrin ní ìpín kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin nínú ogún. Nítorí náà, àwọn ọmọbìnrin agboolé tó ti lọ sílé ọkọ, kí wọ́n pè wọ́n kí àkàsọ̀ tó dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọn kì í sábà kọ̀. Ohun tó ń dùn wọ́n ni kí wọ́n wá sílé ọdún, kí wọ́n bá ojú ọ̀run níbi tí yàrá ìyá wọn wà.

Ọdún yìí ni gbogbo ìdílé pé jọ. Ó dára kí wọ́n lò ó láti jókòó fún wákàtí méjì, kí wọ́n ka páànù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: mélòó ni ó ń lọ, ilẹ̀ ta ni ó ń lọ, mélòó ni ó ń dúró, ta ni yóò máa tún èyí tó dúró ṣe. Kí baálé, àwọn ọmọkùnrin àti àwọn ọmọbìnrin fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ olórí abúlé. Mẹ́rì náà lè ràn wọ́n lọ́wọ́ bí àwọn awọnlẹ̀ rẹ̀ bá kọ ojú ilé bàbá sílẹ̀ ní orúkọ ìdílé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Yàrá tó gùn ní mítà 4, tó sì fẹ̀ ní mítà 3, páànù onímítà 2 bíi 15 ló ń bò ó. Agboolé tó ní 60 lè kó 45 lọ sóko, kí 15 tó kù sì wà lórí yàrá tí Bàbá sùn sí.